Ọkàn, Iyè àti Ọpọlọ: Àwọn Ìwé Tí Èrò Àwọn Baba Wa Wà Nínú Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a bí sí Shika, sí Samaru àti sí àárín Zaria, òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní mu rẹ́gí. Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣé wèrè ni kí á pè é ni? Àbí ogbó lásán ni? Àbí àìsàn ni, tí ó yẹ kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe nǹkan kò lè béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọkàn. Ọkàn ni ohun tí ń lù kì-kì-kì nínú àyà. Ọkàn náà ni a tún ń sọ pé ó balẹ̀, pé ó pòrúùrù, pé ó fà sí nǹkan, pé ó sọ fún ni. Bí ìyá àgbà tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan bá dé ilé-ìwòsàn, tí ó ní, “Ọkàn mi ò balẹ̀,” tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà pé àyà ni ó ń dun màmá, wọ́n lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yẹ àyà rẹ̀ wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ìrònú ni ó ń dà á láàmú. Kò sí ẹni tí ó purọ́ níbẹ̀. Ìtumọ̀ ni ó sọnù lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Hausa ju àwọn tí ó wà nílé lọ. Àwọn ọmọ wa ń fi Hausa ṣeré ní ìta, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni Yorùbá sì ń di èdè “ẹ kú àárọ̀” àti “wá jẹun” nìkan. Wọ́n mọ zuciya, wọ́n mọ hankali, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ iyè. Àwọn òbí wa máa ń sọ pé, “Iyè mi ra,” bí wọ́n bá gbàgbé nǹkan, tàbí “Iyè mi sọ,” bí nǹkan náà bá padà sí wọn lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí.

Inú ìwé ni ọ̀rọ̀ báyìí ṣì wà ní ìpamọ́. Ìtàn àwọn ìwé náà ni a fẹ́ sọ, kí á lè mọ bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa àti ohun tí a lè fi wọ́n ṣe.

Ọmọ Òṣogùn tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú náà, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe ìrìbọmi tí ó di Samuel Ajayi Crowther.

Ní Freetown, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ìjẹ̀bú ń gbé pọ̀ ní ìgboro kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Àwa tí a wà ní àjò mọ̀ bí irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ní ilẹ̀ àjò yẹn ni iṣẹ́ kíkó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé ti gbilẹ̀. Ní 1843 ni wọ́n tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1852 ni èyí tí ó tóbi jù ú lọ jáde, pẹ̀lú gírámà. Crowther kò to ọ̀rọ̀ lásán sínú ìwé yìí. Ó ń fi òwe gbe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, débi pé Bíṣọ́ọ̀bù Vidal tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i tẹnu mọ́ ìjìnlẹ̀ òwe wọ̀nyẹn. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò ní èrò tí ó jinlẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè kan ti ń dá wọn lóhùn.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní 1858, T. J. Bowen, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Washington. Ní 1913, ìjọ C.M.S. tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Èkó, òun ni ọ̀pọ̀ bàbá wa sì lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1958, Isaac Délànọ̀ ṣe *Atúmọ̀ Èdè Yorùbá*, nínú èyí tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Ìgbésẹ̀ ńlá ni èyí jẹ́, nítorí ìwé tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ọkàn gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbòòrò bí ó ṣe rí lẹ́nu àwọn tí ó ni ín.

Ọ̀nà Zaria sí ìwé Yorùbá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gúúsù nìkan ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Zaria tí a ń gbé yìí jẹ́ ojúkò iṣẹ́ ìwé ní Àríwá. Níhìn-ín ni ìwé ìròyìn *Gaskiya Ta Fi Kwabo* ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí Abubakar Imam sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, níhìn-ín náà ni wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Gaskiya sílẹ̀ ní 1945 láti máa tẹ ìwé ní èdè àwọn ènìyàn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1934, ìwé atúmọ̀ Hausa ńlá tí G. P. Bargery ṣe ti jáde.

Ọkùnrin kan wà tí ó so ìlà méjèèjì pọ̀. R. C. Abraham ṣiṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá Nàìjíríà, ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Hausa jáde ní 1949. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní 1958, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ìwé Yorùbá yìí fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lọ́nà tí ó ṣe kedere, ó ya àwòrán ewéko àti ẹyẹ, ó sì ṣàlàyé àṣà àti ìtàn lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ Zaria tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè ṣí ìwé Abraham méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà, kí ó sì wò ó bí Hausa ṣe pín iṣẹ́ láàárín zuciya, hankali àti ƙwaƙwalwa, àti bí Yorùbá ṣe pín tirẹ̀ láàárín ọkàn, inú, iyè, orí àti ọpọlọ. Hausa gba hankali lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá, àwa náà sì gba sùúrù láti inú èdè kan náà. Èrò ń rìn láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò obì ṣe ń rìn, ìwé atúmọ̀ sì ni a fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Mímọ̀ kì í ṣe gbígbàgbọ́

Àwọn onímọ̀ kan tẹ̀ síwájú ju kíkó ọ̀rọ̀ jọ lọ. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà jókòó ti àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ bí mọ̀ àti gbàgbọ́. Ní 1986 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè ní òun mọ ohun tí òun kà nínú ìwé tàbí tí olùkọ́ sọ fún òun. Àwọn àgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi tí mo gbà, ó di ìgbàgbọ́, torí gbà àti gbọ́ ni ó para pọ̀ di gbàgbọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun púpọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìmọ̀, ìgbàgbọ́ ni àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn yóò pè é títí a ó fi dán an wò. Àwọn tí a ń sọ pé wọ́n kàn ń gba ohun gbogbo gbọ́ ni wọ́n le jù lórí ohun tí ènìyàn lè ní òun mọ̀.

Ẹ̀yìn wọn ni Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991, ṣàlàyé bí Yorùbá ṣe ń wo ènìyàn: ara, ọpọlọ, ọkàn, ẹ̀mí àti orí, àti iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Wándé Abímbọ́lá ti tẹ apá kìíní *Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá* jáde ní 1968, kí ohun tí àwọn babaláwo fi iyè wọn gbé láti ìran dé ìran lè wà lórí ìwé. Odù 256 ni Ifá ní, ẹsẹ̀ púpọ̀ sì wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára iyè ọmọ ènìyàn, kí ó ro bí ẹnì kan ṣe ń kọ́ èyí láìsí ìwé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìtọ́jú

Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, nínú èyí tí àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ilé-ìwòsàn. Òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí láàárín Yorùbá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe àìsàn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè ka iye ẹni tí ó ní i.

Nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gúúsù Nàìjíríà tí orí ń fọ́, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ohun tí wọ́n kà kò sì wọlé mọ́. Wọ́n ń pe àìsàn náà ní brain fag. Ó di ohun tí a mọ̀ mọ́ ọmọ Nàìjíríà, débi pé ní 1994 ó wọ ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ tú àwọn ìwé ìròyìn àti ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn ará Ìlú Ọba ti ń fi ọ̀rọ̀ náà gan-an sọ àárẹ̀ ọpọlọ ara wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Lọ́dọ̀ wọn ni orúkọ náà ti wá. Ìwé àtijọ́ ni ó tú àṣírí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ọmọ wa má ṣe gba ohun tí wọ́n bá sọ nípa wa láìwo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ní 1992 ni iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn tí ó mú wa padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ bí àìsàn ìgbàgbé ogbó ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò kàwé. A kò lè fún wọn ní bírò kí á ní kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, kí á wá sọ pé iyè wọn ti ra nígbà tí wọn kò bá lè kọ ọ́. Nítorí náà, wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, wọ́n tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì bi ẹbí léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe nínú ilé.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú 100 àgbà tí ó ti tó ọdún 65 ní Ìbàdàn, nǹkan bí 1.35 ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín ọdún kan. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Àwọn méjèèjì pín ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ. Gbogbo ayé onímọ̀ ìṣègùn gbọ́ ọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbé-ayé. Ká ní wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tọ́ láti fi béèrè, iye wọ̀nyí kì bá má ní ìtumọ̀. Ohun mìíràn tún hàn níbẹ̀: àgbà tí ó ń ṣarán, àìsàn ni ó ń bá a jà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe wèrè.

Àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀ fún wa

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, àwọn onímọ̀ èdè, onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti onímọ̀ ìwà ẹ̀dá pàdé ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ náà ni George Miller sì máa ń pè ní ọjọ́ ìbí ìmọ̀ nípa bí èrò ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1999, MIT tẹ ìwé ìmọ̀ ńlá kan jáde lórí rẹ̀. Lórí ìtàn èrò, àwọn ìdìpọ̀ *Dictionary of the History of Ideas* jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, èyí tuntun sì jáde ní 2005. *Stanford Encyclopedia of Philosophy* bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1995, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní àpilẹ̀kọ lórí ìrònú Áfíríkà.

Nílé wa, àwọn onímọ̀ èdè lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìdìpọ̀ kìíní *Èdè-Ìperí Yorùbá* jáde ní 1984, kí olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní 2003, Káyọ̀dé Fákinlẹ̀dé tẹ ìwé atúmọ̀ kan tí ó ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú. Ní 2016, Tóyìn Fálọlá àti Akíntúndé Akínyẹmí ṣe olóòtú *Encyclopedia of the Yoruba*. Ìwé atúmọ̀ ti 1852, ti 1858 àti ti 1913 ti dàgbà débi pé ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù tí ọmọ yín ń fi wo bọ́ọ̀lù. Ilé-ìkàwé Kashim Ibrahim kò jìnnà sí wa ní Samaru, Arewa House sì wà ní Kaduna fún ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Àríwá.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

A mọ Shika káàkiri Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ ìwádìí lórí màlúù àti adìyẹ, Shika Brown sì ti gba orúkọ ìlú wa dé ọjà tí a kò dé rí. Bí a bá lè kọ ìran adìyẹ sílẹ̀ láti ìyá dé ọmọ, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa sọnù láìkọ.

Ẹ rántí Samuel Johnson. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá. Ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀, ó sì sọnù sí ọwọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí. Ó kú ní 1901 láì rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé jọ, ó tún un ṣe, ìwé náà sì jáde ní 1921. Àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni ó gba ìtàn wa là.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa sí ẹbí kọ̀ọ̀kan kò le. Kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ ìrònú: iyè, inú, làákàyè, ìrántí, arán. Kí ó wò ó nínú ìwé atúmọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ti àtijọ́ àti ti òde òní. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó ti màmá àgbà tàbí bàbá àgbà, kí ó béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ìlú wọn, yálà Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì. Kí ó kọ gbólóhùn tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọjọ́. Kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún àpótí ìwé ẹgbẹ́, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Johnson má baà ṣẹlẹ̀ sí wa.

Bí ọmọ kan bá ti ṣe èyí, ní ọjọ́ tí ìyá àgbà bá sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, yóò mọ ohun tí yóò sọ fún dókítà. Bí iyè bàbá àgbà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra, kò ní pè é ní wèrè. Àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyí ti ṣe tiwọn. Àwọn àgbà tí a lè bi léèrè ṣì wà láàárín wa ní Shika lónìí. Ẹ jẹ́ kí á lọ bi wọ́n nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.